Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Dókítà: Imú Ọmọ Wa Kì í Ṣe Àìsàn

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, Alága àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà,

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni èmi tí mò ń kọ̀wé yìí. N kì í ṣe dókítà, n kò sì bá dókítà kankan ní gbólóhùn asọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú agboolé wa tí kò jẹ́ kí n lè dákẹ́, mo sì ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ojúgbà mi títí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe agboolé tiwa nìkan ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹ̀yin ni ìjọba fi ṣe àgbà ọjà tí mò ń wí yìí, ìdí nìyí tí mo fi kọrí ìwé mi sí ọ̀dọ̀ yín, tí mo sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo òbí lè bá yín kà á.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, ni ìyàwó mi bá lóru ọjọ́ kan tí ó fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn há imú ara rẹ̀, tí ó la ẹnu sílẹ̀ tí ó ń fi mí, tí omijé sì ń ṣàn gba ẹ̀bátí rẹ̀ bọ́ sórí ìrọ̀rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a fi sùúrù bi í léèrè, ó ní imú òun fẹ̀ jù. Ó ní láti kíláàsì kìn-ín-ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń pe òun ní Fèrèsé Méjì. Ó wá fi kún un pé òun ti bá ilé ìwòsàn ẹwà kan ní ìlú ńlá kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọn kò bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, wọn kò bi í bóyá imú náà ń mí dáadáa tàbí kò mí. Àwòrán imú bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ àti bí ó ti rí nígbà tí wọ́n ṣe é tán ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n dárúkọ owó, wọ́n sì sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, àwọn yóò bá a tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ "tún un ṣe" yìí ni ó gún mi lọ́kàn ju iye owó náà lọ. Ohun tó bá bàjẹ́ ni à ń tún ṣe; kẹ̀kẹ́ ni à ń tún ṣe, òrùlé tó ń jò ni à ń tún ṣe. Èmi kò sì rí ohun tó bàjẹ́ lójú ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n kí n tó bá yín wíjọ́, ó yẹ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ilé wa gan-an ni a ti dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Títí di òní olónìí ni mo ń rí ìyá mi àgbà lójú ọkàn mi, tí ó jókòó lórí àpótí, tí ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, tí ó da ọmọ tuntun délẹ̀ sórí ojúgun, tí kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Nígbà tí ó bá ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí ọmọ tán, tí ó ti na apá rẹ̀, tí ó ti na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó ti sọ ọ́ sókè tí ó sì han án tí ìyá ọmọ ń pariwo, a wá ti àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ bọ inú òrí, a fún igi imú ọmọ náà, a fà á wá síwájú lẹ́ẹ̀mẹta, a sì máa wí fún un pé, "Má gbé imú bàbá rẹ wá bá mi o." Èmi náà jẹ nínú fífà yẹn. Imú bàbá mi náà ni ó wà lójú mi lónìí, kò yẹ̀ sí ọ̀tún, kò yẹ̀ sí òsì. Àwa náà ni a sì ń kí aboyún pé kí òrìṣà ya ọnà ire kò wá o, tí a mọ̀ pé Ọbàtálá Alábàláṣẹ ni alámọ̀ tó ń mọ orí, tó ń mọ imú. Kí Alámọ̀ sì tó gbé ọwọ́ nílẹ̀ tán, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tiwa tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ìdí tí fífà kò fi ràn án kò ṣòro fún ẹ̀yin láti mọ̀, ṣùgbọ́n nítorí àwọn òbí tó ń bá yín kà á ni mo ṣe ń sọ ọ́. Eegun ni òkè imú, ibi tí awò ojú máa ń jókòó lé. Láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀ kèrékèré ni, irú èyí tí a máa ń rún lẹ́nu bí a bá ń jẹ ẹran, kèrékèré náà ni ó sì pín ihò imú sí méjì. Bí gbogbo rẹ̀ yóò ti rí ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí a tó bí ọmọ. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ tí University College London ṣáájú wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní 6,000 wò láti Mẹ́síkò títí dé Ṣílè, kéde àwọn jíìnì kan tó ń darí imú: èyí tí wọ́n ń pè ní DCHS2 ń ṣe ti ṣóńṣó rẹ̀, RUNX2 ń ṣe ti fífẹ̀ igi imú, GLI3 àti PAX1 sì ń ṣe ti fífẹ̀ ihò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé fífẹ̀ ihò imú ń bá ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá ẹni gbé rìn. Níbi tí òtútù ti mú tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, imú tóóró ni ó lè mú afẹ́fẹ́ gbóná kí ó sì fi omi sí i kí ó tó wọ ẹ̀dọ̀fóró. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbóná tí ó sì lọ́rinrin, bí ilẹ̀ wa ti rí, kí ni ènìyàn ń fi ihò tóóró ṣe? Imú tí wọ́n ń pè ní Fèrèsé Méjì yìí, fèrèsé tó bá ilé mu ni.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún ọmọ náà, ó sì gbọ́ ọ bí ọmọ ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tíṣà, ìyẹn ni pé kò gbọ́ ọ. Ni mo bá gba fóònù rẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ ya ara rẹ̀ bó ti máa ń yà á, ó gbé fóònù súnmọ́ ojú, ó yà á. Mo wá ní kí ó dúró síbẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rìn títí ẹ̀yìn mi fi kan igi máńgòrò tó wà ní àgbàlá, mo fa àwòrán náà súnmọ́ títí ojú rẹ̀ fi kún gíláàsì fóònù, mo sì ya òun náà. Nígbà tí a gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, imú ti àkọ́kọ́ yọ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bá ènìyàn jà, etí méjèèjì sá sẹ́yìn; nínú èkejì, imú náà padà sáàyè rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, etí hàn, ojú gún régé. Ọmọ náà wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò fi nǹkan kan tún un ṣe báyìí?" Mo ní ìrìn ẹsẹ̀ mélòó kan ni mo fi tún un ṣe. Kì í ṣe idán: ní ọdún 2018 ni dókítà kan ní Yunifásítì Rutgers ní Amẹ́ríkà, Boris Paskhover, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, ṣírò rẹ̀ tí wọ́n sì rí i pé fótò tí a bá yà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan péré sí ojú máa ń mú kí imú dà bí ẹni pé ó fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju bí ó ti rí lọ bí a bá yà á láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Fóònù ni dígí àwọn ọmọ ìwòyí, dígí náà sì ń purọ́ fún wọn láràárọ̀.

Ṣé fóònù nìkan ló ń purọ́? Àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yúróòpù ayé àtijọ́ ti gbé òfin kalẹ̀ pé fífẹ̀ imú gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì, àti pé ojú gbọ́dọ̀ pín sí mẹ́ta ọgbọọgba, láti ibi tí irun orí pin sí dé òkè ìpéǹpéjú, láti ibẹ̀ dé ìdí imú, láti ìdí imú dé àgbọ̀n. Òfin yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kọ́ níléèwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Leslie Farkas, dókítà kan ní ìlú Toronto, gbé òṣùwọ̀n lé ojú àwọn òyìnbó fúnra wọn tí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1985, àwọn tí ojú wọn bá òfin náà mu délẹ̀ kò pọ̀. Bí ìlànà kò bá bá ẹni tó ṣe é mu, báwo ni yóò ti bá ọmọ Òṣogbo mu?

Àwa náà ní ìlànà tiwa. Ní ọdún 1938, níbi tí wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n hú àwọn orí idẹ àti bàbà jáde, iṣẹ́ ọwọ́ tó ti lé ní 500 ọdún. Ọ̀kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ kò nílò láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ẹ tó rí wọn, àwọn kan wà nílé. Ẹ fara balẹ̀ wo imú wọn: ó fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì yí roboto, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ láàárín ojú bí ọba lórí ìtẹ́, ẹni tó rọ ọ́ kò sì tiraka láti sọ ọ́ di tóóró. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní ọdún 1910 tí ó rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹwà rẹ̀ dà á lọ́kàn rú débi pé ó ní kò lè jẹ́ ọwọ́ adúláwọ̀, ó lọ wá àwọn ará Gíríìkì kan tí òkun ti gbé mì láti fi ṣe ẹni tó ṣe é. Imú Ifẹ̀ wà níwájú rẹ̀ gbàgàdà, kò rí i.

Wíwọn imú kì í sì í ṣe eré nígbà gbogbo. Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù tó ṣàkóso Rùwáńdà gbé òṣùwọ̀n lé imú àwọn ènìyàn ibẹ̀ láti fi ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì; ní àwọn ọdún 1930 wọ́n kọ ẹ̀yà náà sórí káàdì ìdánimọ̀, káàdì yẹn ni àwọn apààyàn sì ń gbà wò lójú ọ̀nà ní ọdún 1994. Ní Bùràsílì, níbi tí ọmọ Yorùbá ti pọ̀ bí iyanrìn láti ayé òwò ẹrú, àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé "imú adúláwọ̀" jẹ́ ohun tí a ń ṣe àtúnṣe sí. N kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá gbé abẹ ni ó ní èrò ibi lọ́kàn. Mo kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe nǹkan ní ìtàn lẹ́yìn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́, ẹ̀yin Ọlọ́lá. Abẹ tí a fi ń ṣiṣẹ́ lára imú, iṣẹ́ àánú ni ó jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún tí àwọn oníṣègùn Íńdíà ti ń bu awọ ara láti fi ṣe imú fún ẹni tí wọ́n gé tirẹ̀ sọnù. Ẹni tí ògiri imú rẹ̀ wọ́ tí kò lè sùn lóru, ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú ètè pípín tí imú rẹ̀ sì tẹ́, ẹni tí ọkọ̀ tàbí iná bà lójú jẹ́, gbogbo wọn ni kí Ọlọ́run máa fi irú dókítà bẹ́ẹ̀ ṣe alábàápàdé. Àní, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ yá, tí ó mọ ohun tó ń ṣe, tí imú rẹ̀ kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn láti ogún ọdún wá, ní ẹ̀tọ́ láti lọ bá oníṣẹ́ abẹ; ara rẹ̀ ni. Nígbà tí Jacques Joseph ní ìlú Berlin gé imú ọkùnrin kan kù ní ọdún 1898, ohun tí ọkùnrin náà sọ ni pé ìtìjú kò jẹ́ kí òun lè jáde sí gbangba, n kò sì ní fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ohun tí mo ń bẹ̀ fún ni òótọ́. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é gbọ́ pé oníṣẹ́ abẹ lè gé díẹ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ihò imú, tàbí kí ó bu kèrékèré láti etí tàbí ìhà láti fi gbé igi imú sókè, ṣùgbọ́n pé wíwú rẹ̀ lè máà lọ tán títí di ọdún kan, pé àpá lè wú bọ̀ǹbọ̀ lára aláwọ̀ dúdú ju ti ẹlòmíràn lọ, pé àwọn kan ń padà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kejì, àti pé imú tí wọ́n bá gé ju bó ti yẹ lè máà mí dáadáa mọ́. Michael Jackson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní ọdún 1988 pé ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ṣe tòun. Ayé rí bí imú náà ti wá rí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí imú láti fi gbé e ga, tí wọ́n ń pè ní ohun tí kò ní ọ̀bẹ nínú, kò yàtọ̀: bí oje inú abẹ́rẹ́ náà bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ lè kú, ojú sì lè fọ́. Mo ti gbọ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe èékánná ni wọ́n ti ń gún un báyìí. Pẹ́ẹ̀gì àti ike tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ láti fi há imú sùn kò sì lè yí kèrékèré padà. Ọgbẹ́ ni wọ́n ń dá.

Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí imú wọn kò tẹ́ lọ́rùn, ohun tí yóò tẹ́ wọn lọ́rùn kò ná wọn ju owó ọjà lọ. Ìyàwó mi, tí kò ka ìwé Farkas kankan, ni ó mú ọmọ wa jókòó níwájú dígí, tí ó fi pọ́ńdà tó dúdú díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ méjèèjì, tí ó fi èyí tó mọ́ fa ìlà tín-ín-rín lórí igi imú, tí ó lé tìróò sí i lójú, tí ó sì wé gèlè fún un, ó gbé e sókè kí iwájú orí lè yọ. Ojú ẹyọ kan náà ni, àfi bíi pé ẹlòmíràn ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí pọ́ńdà kò ní ràn lọ́wọ́, tí ọ̀bẹ pàápàá kò ní ràn lọ́wọ́: àwọn tó ń lo wákàtí lójú dígí, tí wọn kì í jáde, tí wọ́n ń rí àbùkù tí ẹlòmíràn kò rí. Enrico Morselli, dókítà ará Ítálì, ti ṣàpèjúwe àìsàn ọkàn yìí láti ọdún 1891. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ àti oògùn ni ó ń wò ó. Bí a bá gbé ọ̀bẹ sí wọn lójú, àbùkù mìíràn ni wọn yóò tún rí lọ́la. Ilé ìwòsàn tí kò bá bi ènìyàn ní ìbéèrè kan ṣoṣo, báwo ni yóò ti dá wọn mọ̀?

Kí n má gbàgbé ara mi nínú ẹ̀bi. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ níléèwé, mo gbọ́ irú orúkọ bíi Fèrèsé Méjì àìmọye ìgbà, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn. Ẹni tí à ń lẹ orúkọ náà mọ́ lára kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ yín. Àwọn baba wa fi abẹ kan ojú ọmọ nígbà kan rí. Ìlà bààmú ń ti igi imú gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, òun sì ni ẹwà àti àmì ìdílé lójú wọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 gba abẹ yẹn lọ́wọ́ olóòlà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ ìlà sí ọmọdé lára mọ́, ọmọdé lójú òfin náà sì ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ṣé olóòlà tó wọ ẹ̀wù funfun ni kí ó wá gba ojú fèrèsé wọlé? Ẹ pàṣẹ pé kí dókítà kankan má gbé ọ̀bẹ tàbí abẹ́rẹ́ ẹwà sí imú ọmọ tí kò tíì pé ọdún náà, àfi bí àìsàn tàbí ìpalára bá wà. Ìwé ìlànà ìwà tí ẹ̀yin fúnra yín gbé kalẹ̀ kò fẹ́ kí dókítà máa kiri iṣẹ́ rẹ̀ bí oníṣòwò. Ẹ fi mú àwọn tó ń fi àwòrán imú ènìyàn polówó, kí ẹ sì kọ̀ fún wọn láti máa pe imú tí ara rẹ̀ dá ní ohun tí a ń tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kọ́kọ́ wá lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà láàárín, kí wọ́n yẹ mímí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì bi ọkàn rẹ̀ léèrè kí wọ́n tó bi àpò rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ oníṣẹ́ abẹ náà, àti irú iṣẹ́ abẹ tí ó kọ́, wà lára ògiri níbi tí ọmọ ọdún 18 lè kà á.

Ọmọ wa yóò pé ọdún náà ní oṣù Kẹsàn-án. Ìyàwó mi ti gba pẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilé ìwòsàn ọ̀hún ṣì wà nínú fóònù rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìlànà yín ti jáde kí oṣù náà tó wọlé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì